Ìdajì ọjọ́ wa la kò tà: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ní òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 120

Ní ọjọ́ kẹrin tí a ti wà ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, aago mọ́kànlá àárọ̀ bá mi lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ fi ṣe àga ní kọ́rídọ̀ àjà kẹta. Ẹ̀rọ ti gbóná, omi ti kún inú rẹ̀, oògùn ti wà nínú ìgò ìfọ́n. Kọ́kọ́rọ́ la ń dúró dè. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ti ń fọ kápẹ́ẹ̀tì kí èmi tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni, wò mí títí, ó ní, "Ọ̀gá, ìjókòó tí a jókòó yìí, ta ló ń sanwó ẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di alẹ́, mo mú ìwé àti bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Mi ò ní dárúkọ owó ìlú kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Iye tí òṣìṣẹ́ kan ń ná mi ní wákàtí kan, tí mo bá ti pa owó iṣẹ́ rẹ̀, owó ọkọ̀, ọjọ́ ìsinmi àti owó adójútòfò rẹ̀ pọ̀, ni màá pè ní ẹyọ 10. Kí ẹ fi gbogbo iye yòókù wé ìyẹn. Ẹni tó bá mọ ohun tí wákàtí òṣìṣẹ́ ń ná òun lè yí i padà sí owó tirẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì náà ní àjà mẹ́rin, yàrá 30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ yàrá kan tó mítà onígun-mẹ́rin 22, ṣùgbọ́n orí pákó tí a kàn mọ́lẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì wà, kọ́bọ́ọ̀dù sì lẹ̀ mọ́ ògiri, nítorí náà ibi tí ẹ̀rọ lè dé kò ju 15 lọ. Kápẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ irú tí òtẹ́ẹ̀lì máa ń fẹ́ràn: irun àgùntàn ìdá 80 nínú 100, náílọ́ọ̀nù ìdá 20. Ó lágbára, ó sì ń fi ìdọ̀tí pamọ́ nítorí àwòrán orí rẹ̀, àmọ́ irun àgùntàn kì í fẹ́ oògùn olóró. Èyí tó ń bó ọ̀rá kúrò ní ilẹ̀ ilé ìdáná lè ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, kí ó sì sọ irun náà di gíràn-ín bíi koríko gbígbẹ. Oògùn tó yẹ ẹ́ wọ́n díẹ̀, ó sì ń fẹ́ sùúrù.

Kí n tó dárúkọ iye, máníjà ní kí n wá fọ yàrá méjì fún òun wò. Mo lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi mí sí, yàrá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí àlejò nínú wọn, omi ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ogún ìṣẹ́jú. Mo dúró síbẹ̀, mo fọwọ́ pọ́n ara mi lé, mo sì ṣe ìṣirò lọ́kàn. Ogún ìṣẹ́jú fún ènìyàn méjì jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú òṣìṣẹ́, ìyẹn ẹyọ 6.7. Oògùn gba 0.8. Ẹ̀rọ tó ń gbó lọ gba 0.5. Gbogbo rẹ̀ di 8. Mo fi ìdajì lé e, ó di 12, mo sì ń sọ fún ara mi pé èrè ìdajì ni mo ń jẹ.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi ni mo sì pa á fún ara mi. Ẹni tó bá fi ìdajì lé 8 kò jèrè ìdajì. 4 ló jẹ nínú 12, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wa nídìí iṣẹ́ yìí ló ń pe iye tí a fi lé orí ohun tí a ná ní èrè, tí a ó sì máa fún oníbàárà ní ẹ̀dínwó láti inú èrè tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìdá 25 nínú 100 owó tó wọlé jẹ́ èrè, kó fi 0.75 pín ohun tó ná. Tó bá kàn fi 25 lé e, ìdá 20 ni yóò bá nínú àpò.

Máníjà gbọ́ 12, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Àwọn kan ti sọ pé àwọn á gbà á ní 11 o. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní iye yẹn, kí ẹ wá fi kọ́rídọ̀ ìsàlẹ̀ ṣe èènì fún wa."

Mo ní, "Kò burú, màdámù."

Èènì! Kọ́rídọ̀ náà gùn ní 60 mítà, ó fẹ̀ ní méjì. Tí a bá ń fi omi fọ̀ ọ́ ní mítà onígun-mẹ́rin 40 láàárín wákàtí kan, wákàtí mẹ́ta ni fún ènìyàn méjì, ẹyọ 60. Ẹni tó ń ta nǹkan wíwọ̀n máa ń bu èènì díẹ̀ kún un. Èmi bu alẹ́ kan odidi.

Ètò mi ni pé a ó máa fọ yàrá 20 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà, ó parí. Yàrá 12 lóòjọ́ ni a rí fọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ló gbà. Lẹ́yìn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ìṣẹ́jú sílẹ̀, bí ọjọ́ kan ṣe rí sì nìyí: a wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Wákàtí mẹ́rin nínú rẹ̀ ni a fi wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ sórí dídúró de kọ́kọ́rọ́, àlejò tí kò tíì jáde, àti àwọn tó ń tọ́jú yàrá tí wọn kò tíì kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí kan lọ sórí omi: kí a pọn ọ́n wá, kí a sì gbé èyí tó ti dọ̀tí lọ dà. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni a fi ń bá lífítì ṣe, torí pé ẹrù àlejò ló kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́ kí tiwa tó wọ̀ ọ́. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni iná fi ń já, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń gbóná omi àti mọ́tò tó ń fà á kò lè jọ mu láti ojú iná kan náà, a sì ní láti lọ wá ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí iná. Ìyókù ni a fi ń tú ẹrù àti kó ẹrù.

Ìdajì. Ìdajì ọjọ́ wa ni a tà fún òtẹ́ẹ̀lì, a fi ìdajì yòókù tọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá ka yàrá kan bó ṣe rí gan-an. Ènìyàn méjì fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ wákàtí 16. Pín in sí yàrá 12, ó jẹ́ ẹyọ 13.3. Fi oògùn àti ẹ̀rọ sí i, ó di 14.6. Iye tí mo gbà ni 11. Bí mo bá ṣe ń fọ̀ ọ́ kíákíá tó ni mo ṣe ń pàdánù kíákíá tó.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí omi, torí pé ibẹ̀ ni àdánù mìíràn ti yọjú. Ọ̀nà tí a gbà fọ yàrá ni pé ẹ̀rọ á ti omi gbígbóná sínú irun kápẹ́ẹ̀tì, á sì fà á padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí. Kò sí ọ̀nà tó jinlẹ̀ tó o. Àmọ́ kápẹ́ẹ̀tì tí a fọ̀ báyìí lè gba wákàtí mẹ́fà kó tó gbẹ, ó lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ tí fèrèsé kò bá ṣí. Máníjà rò pé tí a bá fi yàrá sílẹ̀ ní aago kan, àlejò lè wọlé ní aago mẹ́ta. Nígbà tí mo sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ti yàrá 12 pa fún wa lóòjọ́, èyí tó bá ṣẹ́ kù lófo níbikíbi nínú ilé náà. Àwọn náà ló fọ́n ká yẹn, méjì lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, ọ̀kan ní igun jíjìn. Gbogbo wákàtí lífítì àti omi tí mo kà lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Yàrá mẹ́sàn-án ló tún pè wá padà. Àbàwọ́n kọfí àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ti kúrò lójú wa ní ọ̀sán tún yọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Máníjà ní a kò fọ̀ ọ́ dáadáa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dà sílẹ̀ ti wọ ìsàlẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì, ibi tí ẹ̀rọ kò fà dé. Bí orí bá ṣe ń gbẹ, omi ìsàlẹ̀ á máa gun irun bọ̀ lókè bíi kẹrosíìnì tó ń gun òwú àtùpà, á sì gbé àbàwọ́n náà dání. Oògùn rẹ̀ ni kí omi kéré, kí a fà á lẹ́ẹ̀mejì ní gbígbẹ, kí a sì gbé fáànù kalẹ̀. A mọ èyí tẹ́lẹ̀. Iye 11 ni kò jẹ́ ká ní àyè láti ṣe é. A padà lọ, wákàtí méjì, ènìyàn méjì, ẹyọ 40.

Ohun kan tún wà tí mo jẹ̀bi rẹ̀ pátápátá. Àwọn ìlà dúdú wà lẹ́bàá ògiri àti lábẹ́ ilẹ̀kùn nínú ọ̀pọ̀ yàrá. Eruku wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni kápẹ́ẹ̀tì ń sẹ́, ó sì ń wọ inú irun bí ìgbà tí a bá pa á láró. Ìlà yẹn kì í tán nínú ìfọ̀ lásán, òmíràn kì í tán rárá. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà a lo ìṣẹ́jú rẹpẹtẹ lórí rẹ̀, a sì tún gba ẹ̀sùn.

Àròpọ̀ rẹ̀ rèé. Owó òṣìṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, 1,600. Oògùn àti ẹ̀rọ, 156. Kọ́rídọ̀ tí mo fi ṣe èènì, 60. Ìpadàlọ, 40. Lápapọ̀, 1,856. Owó tí wọ́n jẹ wá, 1,320. Àdánù jẹ́ 536, mi ò sì tíì fọwọ́ kan owó ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀: fóònù, ọkọ̀, àtúnṣe ẹ̀rọ, wákàtí tí èmi fúnra mi fi ń kọ ìwé. Mo pín ìyẹn sórí gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe lọ́dún, yàrá kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ 1.7. Tí a bá kà á mọ́ ọn, àdánù náà di 740. Wọ́n sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọn yóò fi sanwó, ọjọ́ 67 ló gbà. Owó oògùn, ọwọ́ sọ́wọ́ ni mo fi rà á.

Lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá padà. Inú wọn dùn sí iṣẹ́ náà! Ó yà mí lẹ́nu pé mo ti ń jókòó sínú ọkọ̀ láti lọ kọ̀ ọ́ kí n tó rántí ìwé ìṣẹ́jú yẹn. Mo mú un dání.

Kí n tó rí máníjà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rìn yíká. Mo wọ gbogbo yàrá tó ṣófo, mo fi iná ọwọ́ wo ilẹ̀, mo bi olórí àwọn tó ń tọ́jú yàrá léèrè èyí tó ń dùn ún. Ó mọ̀ ju ìwé lọ. Yàrá 80 nìkan ló nílò omi. 40 yòókù, ẹ̀rọ tó ń fa eruku dáadáa, yíyọ àbàwọ́n lójú kan, àti oògùn tó ń gbẹ ló tó wọn. Oògùn yìí, tí a bá fi ẹ̀rọ fọ́n án ká tí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì ra á mọ́ irun, á yí ìdọ̀tí ká, á gbẹ di hóró wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ afàeruku á sì kó o lọ. Omi tó ń lò kéré gan-an, kápẹ́ẹ̀tì sì máa ń gbẹ láàárín wákàtí kan sí méjì. Àlàyé kan náà ló wà fún kọ́rídọ̀, ibi tí àlejò kò ní dẹ́kun títẹ̀. Nínú ìlànà S100 tí IICRC, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwa tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó, gbé kalẹ̀ fún fífọ kápẹ́ẹ̀tì, kíkó ìdọ̀tí gbígbẹ ni wọ́n fi ṣáájú ohun gbogbo, ẹni tó bá sì ti rí ohun tó ń jáde láti inú àpò ẹ̀rọ afàeruku ní òtẹ́ẹ̀lì kò ní béèrè ìdí.

Iye tí mo mú lọ bá màdámù jẹ́ méjì. Fún yàrá tí ó nílò omi: 22 tí wọ́n bá fọ́n wọn ká, 16 tí wọ́n bá ti odidi àjà kan pa fún wa.

Ó wo ìwé náà. "Ọ̀gá, 11 ni ẹ gbà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. 16.3 ni mo sì ná lórí rẹ̀." Mo ṣí ìwé ìṣẹ́jú sí iwájú rẹ̀. Ó kà á títí dé ibi wákàtí kan àti ààbọ̀ tí a fi dúró de kọ́kọ́rọ́, ó sì pe ẹni tó wà níbi ìgbàlejò wọlé kó wá kà á náà.

Iye 22 yẹn kì í ṣe ìhalẹ̀: 14.6 pẹ̀lú 1.7 ti ilé iṣẹ́ jẹ́ 16.3, fi 0.75 pín in, ó lé díẹ̀ ní 21.7. Ti 16, mo ṣe é báyìí: ènìyàn mẹ́ta ni màá mú wá dípò méjì. Ẹni kẹta á máa lọ níwájú, á fa eruku, á fọ́n oògùn, kí oògùn lè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ṣiṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀rọ omi tó dé. Tí gbogbo yàrá bá wà lójú kan, ẹ̀rọ kò ní dúró, yàrá kan á gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ènìyàn mẹ́ta fún wákàtí mẹ́sàn-án jẹ́ wákàtí 27; pín in sí yàrá 30, ẹyọ 9 fún yàrá kan, pẹ̀lú 1.3 ti oògùn àti ẹ̀rọ, àti 1.7 ti ilé iṣẹ́, ó di 12. 12 tí a fi 0.75 pín jẹ́ 16.

Ohun tó jẹ́ kó gbà kì í ṣe ìṣirò tèmi. Ìṣirò tirẹ̀ ni. Ó ní òun kò lè ti odidi àjà kan pa, owó tí òun á pàdánù pọ̀. Mo bi í pé, lọ́jọ́sí, yàrá 12 tí wọ́n ń tì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, òru mélòó ni? Ó ní 120. Àjà mẹ́rin, yàrá 30, òru kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, mélòó? Ó dákẹ́. Òru 120 kan náà ni. Ó tilẹ̀ kéré sí i, torí pé 40 tí kò nílò omi lè gba àlejò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí ó bá sì jẹ́ ìgbà tí àlejò kò pọ̀, yàrá tí kì bá ti rẹ́ni sùn síbẹ̀ náà ló fẹ́ tì. Yàrá kan tó bá tà fún òru kan ń wọ àpò òtẹ́ẹ̀lì ju gbogbo owó tí èmi ń gbà lórí rẹ̀ lọ fíìfíì. Òru ni ó yẹ kí a jọ máa ṣọ́, àwa méjèèjì.

Bí àdéhùn ṣe wá rí: yàrá 80 ní 16, 40 ní 5, lápapọ̀ 1,480. Kọ́rídọ̀ àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, oògùn tó ń gbẹ, lóru, 160 lẹ́ẹ̀kan. Ìdúró tó bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láti ọ̀dọ̀ wọn, ẹyọ 40 fún wákàtí kan. Ìlà dúdú ẹ̀bá ògiri, a ó gbìyànjú, a kò ṣèlérí. Ìdajì owó àjà kọ̀ọ̀kan kó wọlé kí a tó gbé ẹ̀rọ wọlé. Ibi ìkẹyìn yìí ni ó ti pẹ́ jù kí ó tó fọwọ́ sí i.

Àjà kẹrin la kọ́kọ́ fọ̀. Òun ni wọ́n máa ń fi àlejò ọlọ́jọ́ pípẹ́ sí, gbogbo yàrá ibẹ̀ ló sì nílò omi. A dé, yàrá 28 la bá. Àlejò méjì ní àwọn kò lọ mọ́, wọ́n sì ń sanwó, kí ni èèyàn máa sọ? Iṣẹ́ náà gba wákàtí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀, torí pé ẹ̀gbọ́n kọ̀ láti kúrò lórí àbàwọ́n wáìnì pupa kan títí ó fi gbà fún un. Owó òṣìṣẹ́ 285, ìyókù 84, àpapọ̀ 369. Owó tó wọlé, 448. Èrè jẹ́ 79, ìdá 18 nínú 100 ó dín díẹ̀, kì í ṣe 25 tí mo kọ sínú ìwé. Láti ọjọ́ náà ni a ti fi kún àdéhùn pé yàrá 28 ni owó tó kéré jù fún àjà kan tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ti omi, wọn ì báà fi í sílẹ̀ fún wa tó bẹ́ẹ̀, wọn ì báà má ṣe bẹ́ẹ̀. Fáànù mẹ́fà tí a gbé sí kọ́rídọ̀ lóru ọjọ́ yẹn ṣiṣẹ́ o. Yàrá kan ṣoṣo ló pè wá padà.

Bí a ṣe ń kó ẹrù sínú lífítì, màdámù bá wa níbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì ní ilé oúnjẹ wọn nísàlẹ̀ kò tóbi, bóyá a lè fi ìyẹn ṣe èènì.

Ẹ̀gbọ́n wo ojú mi.

Mo ní, "Màdámù, aago mélòó ni oníbàárà ìkẹyìn máa ń dìde níbẹ̀?"

Ó ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́. Oúnjẹ òwúrọ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà. Mo kọ méjèèjì sínú ìwé níṣojú rẹ̀, pẹ̀lú iye tábìlì tó wà nílẹ̀ láti gbé, mo sì ní iye rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́la.